Bí A Ṣe Kun Àwọn Àga Àtijọ́ Ilé-Kéú Wa

Àwọn olóòtú ni wọ́n ní kí a kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí àwa mẹ́rin tí a jọ jáde ní ilé-kéú yìí wá ṣe ní àsìkò ìsinmi tí ó kọjá. A mọ̀ pé ìtàn náà ti dé etí ọ̀pọ̀ nínú yín, pàápàá èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe gbà láti kọ ọ́, kí a lè sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, títí kan ibi tí ojú ti tì wá.

Ọ̀rọ̀ wọ̀límọ̀ ni ó fà á. Ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí ọjọ́ náà pé nígbà tí Mùdíírù ránṣẹ́ pè wá, tí wọ́n ní àwọn àga ilé-kéú kò ṣeé fi han àlejò mọ́. Wọn kò purọ́. Bẹ́ǹṣì méjìlélógún ni ó wà nínú kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tábìlì mẹ́sàn-án, kọ́bọ́ọ̀dù ìkówèésí kan, àti tábìlì ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí tábìlì Àfáà, ìyẹn Àfáà wa àgbà tí wọ́n dá ilé-kéú yìí sílẹ̀, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. A ti jókòó lórí díẹ̀ nínú àwọn bẹ́ǹṣì yìí nígbà tí a wà ní kékeré. Àwọn mìíràn sì dàgbà jù wá lọ. Wọ́n ti kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé rí, wọ́n sì ti kun búlúù lé e lórí, gbogbo rẹ̀ ti wá ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, tuntun ni a kọ́kọ́ fẹ́ rà. A dá owó jọ, a mú Bàbá Káfíńtà tí ó ń bá wa tún ilé-kéú ṣe lẹ́yìn, a sì gba ọjà pákó Bódìjà lọ n'Ìbàdàn níbí. Iye tí wọ́n pe pákó nìkan, láì tíì kan iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣó, ti ju owó tí ó wà lọ́wọ́ wa lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá Káfíńtà ti yíjú sí wa, tí wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìrókò àti ọ̀gànwó ni ẹ fẹ́ gbé sọnù yẹn. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín níbí yìí, àná ni wọ́n gé e, kò tíì gbẹ. Ẹ padà sílé." Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A padà sílé.

Ọ̀kan nínú wa tí ó ń gbé ní London ni ó wá mú ọ̀rọ̀ ọ̀dà ẹlẹ́fun jáde. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kì í tètè ju àga àtijọ́ nù, pé wọ́n á rà á ní ọjà àlòkù, wọ́n á fi ọ̀dà yìí kùn ún, á sì di ohun tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀. Obìnrin ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Annie Sloan ni ó gbé ọ̀dà náà jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1990, Chalk Paint ni ó sì sọ ọ́. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀dà tí yóò lẹ̀ mọ́ igi tí a ti kùn rí, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi sáńpépà ha igi náà títí ọwọ́ yóò fi bó, láìsì jẹ́ pé a kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Omi ni a fi ń là á. Kì í rùn bí ọ̀dà elépo, ó sì máa ń tètè gbẹ. Bí ó bá gbẹ tán, kì í dán rárá. Ó máa ń rí bí ara ògiri tí a fi ẹfun pa.

Nígbà tí a gbọ́ èyí, kò jọ wá lójú bí ẹni tí ó rí ohun àjèjì. Ta ni kò mọ ẹfun nílẹ̀ yìí? Àwọn ọmọ ilé-kéú ní Mòrókò pàápàá máa ń fi amọ̀ pa wàláà wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, kí tàdáà lè jókòó dáadáa lórí rẹ̀, kí ó sì ṣeé fọ̀ kúrò lọ́jọ́ mìíràn. Agolo kan ṣoṣo ni ẹni tiwa yìí rí gbé wọ bàálù, funfun ni, a sì ti pinnu pé tábìlì Àfáà ni yóò wà fún. Ti àwọn bẹ́ǹṣì, àwa ni a óò pò ó fúnra wa.

Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Bàbá Káfíńtà ti kó sáńpépà jáde, àwọn ọmọ kéékèèké sì ti yí wa ká, kí arábìnrin wa tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ké mọ́ wa pé kí a dúró. Ó ní ọ̀dà elépo àtijọ́ lè ní òjé nínú, pé bí a bá fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò máa fà símú, tí wọn yóò sì fi ọwọ́ gbé jẹ. Òjé kì í ṣe ohun eré lára ọmọdé, ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́. Láti ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi òfin dè é nínú ọ̀dà ilé. Ní tiwa níbí, ẹ kò ní gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń fọ́ láàárín ilé pa ọmọdé tí ó lé ní irínwó. A lé àwọn ọmọ wọlé. A da omi sí igi kí a tó fọwọ́ kàn án, ibi tí ó ti ń ṣí nìkan ni a ha, nínú omi, a kó èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá, a dì í pa, a sì fọ ọwọ́ kí a tó jẹun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tún àga àtijọ́ kùn nílé, níbi tí ọmọ bá wà, kó má ṣe fojú kéré èyí.

Lẹ́yìn náà ni a fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ìdọ̀tí! Ṣíngọ́ọ̀mù ọgbọ̀n ọdún ni ó wà lábẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì yẹn. A rí orúkọ lóríṣiríṣi tí wọ́n fi ìṣó kọ, ti Lárúbáwá àti ti Yorùbá. Lábẹ́ bẹ́ǹṣì kan ni a ti rí orúkọ ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin. Orúkọ yìí gan-an ni ó dá ìjà sílẹ̀ nígbà kan, tí Àfáà bi kíláàsì pé ta ni ó fi ìṣó ha igi ilé-kéú, tí ẹnì kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì jẹ ẹgba mẹ́fà nítorí pé ìṣó wà nínú àpò rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó jẹ ẹgba rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń fọ bẹ́ǹṣì náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín ni a fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ ẹgba kò tètè rín.

Ó kan pípo ọ̀dà. Ohun tí ẹni tí ó ti London dé kọ́ wa ni pé ife ọ̀dà olómi mẹ́ta, ife P.O.P. kan, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, àti ife omi kan. Omi àti P.O.P. ni a óò kọ́kọ́ pò kí ó má baà ṣe kókó, kí a tó dà á sínú ọ̀dà. Ọ̀kan nínú wa ti ní kí a kúkú lọ ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń kọ ojú pátákó, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ̀ ti jẹ́ ẹfun. Àṣé ṣọ́ọ̀kì púpọ̀ tí a fi ń kọ́ ọmọ kì í tilẹ̀ ṣe ẹfun, ọmọ ìyá P.O.P. ni. A po ọ̀dà wa ní kíkún garawa, a ní kí a yára kírun Àsárì kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí a tó dé, garawa ti di òkúta, igi tí a fi ń rò ó sì dúró láàárín rẹ̀ bí òpó. Bí P.O.P. ṣe ń ṣe nìyẹn: bí ó bá ti fojú kan omi, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí á máa pò ó, ìwọ̀n tí a lè kùn tán lẹ́ẹ̀kan.

A lọ bá ọkùnrin kan tí ó ń po ọ̀dà tà. Ó ní kí a fi P.O.P. sílẹ̀, kí a lo calcium carbonate, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn alọ́dà ń pè ní calcium lásán, ẹfun gan-an sì nìyẹn. Kì í le nínú garawa. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Níbí ni a ti ṣe àṣìṣe tí gbogbo ìlú gbọ́. Nítorí pé ẹfun kò wọ́n tó ọ̀dà, tí orúkọ ohun tí a ń ṣe sì jẹ́ ọ̀dà ẹlẹ́fun, a rò pé bí ẹfun bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Ife kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Àwọ̀ ewé tí ó jinlẹ̀ ni a mú, a kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí a ti kùn ún tán, ẹ̀yin ará wa, ó rẹwà! Ó tutù lójú bí ewé odán lẹ́yìn òjò. Bàbá Káfíńtà wò ó yíká, wọ́n fi ìka pa á, wọ́n wo ìka náà, wọ́n ní: "Kí ni ẹ fẹ́ fi bò ó?" A ní ó di ẹ̀yìn wọ̀límọ̀, pé ọjọ́ ti lọ. Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ wọ̀límọ̀ pé. Oòrùn mú. Àwọn àlejò pàtàkì wọ léèsì funfun, gúnúgúnú funfun, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa fún wákàtí mẹ́rin gbáko, òógùn sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá kan bọ́ síwájú wá ṣe àdúà ìparí, tí bàbá náà dìde tí wọ́n kẹ̀yìn sí àwùjọ, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwọ̀ ewé ni ó wà lẹ́yìn agbádá wọn láti èjìká dé ìdí, ìlà pákó bẹ́ǹṣì hàn níbẹ̀ ketekete. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn wọn dìde láti gbọn ọ́n nù, ti òun náà hàn. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Mùdíírù kò wo ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn ni ó sì dùn wá jù, nítorí bí wọ́n bá bú wa, à bá ti sá.

A ti fọ aṣọ lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, nítorí ìyẹ̀fun lásán ni. Ìkan kò jáde, a sì san owó rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Nínú ọ̀dà, ohun kan wà bí àtè tí ó ń di ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ ara igi. Bí ìyẹ̀fun bá ti pọ̀ ju àtè lọ, èyí tí kò rí àtè mú yóò máa bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun èlùbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀dà ẹlẹ́fun tí a pò dáadáa pàápàá kò gbọdọ̀ wà ní ìhòòhò. Ìda tàbí fánìṣì ni a ń fi bò ó, nítorí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń mu omi, ó ń mu òógùn. A padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ìyẹ̀fun kúrò, a fi aṣọ tútù nù ún, a kun ọ̀dà tí ẹfun rẹ̀ mọ níwọ̀n lé e lẹ́ẹ̀kan, a sì fi fánìṣì olómi bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìda dára fún àga pálọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì tí ogójì ọmọ ń gùn lójoojúmọ́, fánìṣì ni ó tọ́ sí i. Ẹ lè wá jókòó lé e nísinsìnyí pẹ̀lú aṣọ yòówù.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni a wà nígbà tí ọ̀rọ̀ tábìlì Àfáà dé, òun gan-an ni a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Tábìlì yìí kò jẹ́ kí á simi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mùdíírù ní kí a kùn ún ní funfun, kí ó lè tàn níwájú àwùjọ, a sì fi ọ̀dà agolo láti London kùn ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àbàwọ́n pupa bí omi ọbẹ̀ ti gba ojú rẹ̀. A kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jáde. A kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, àbàwọ́n pupa tún yọjú, àti ìlà róbótó kan tí ó dúdú díẹ̀ ní apá ọ̀tún. Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀gànwó ni. Igi bẹ́ẹ̀ ní omi pupa nínú ara rẹ̀, tí omi inú ọ̀dà máa ń fà jáde. Bí èèyàn kun ọ̀dà olómi lé e nígbà ogún, yóò wá. Oògùn rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ fi sheláàkì pa ojú igi náà dé, ìyẹn pólíìṣì tí àwọn káfíńtà ń fi sípíríìtì là. Àyè kò sí mọ́ kí wọ̀límọ̀ tó dé, a fi aṣọ tábìlì bò ó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn wọ̀límọ̀ ni a ra sheláàkì, a gbé tábìlì náà sí abẹ́ igi, a ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ nígbà tí Ìyá Àfáà dé.

Ìyá ti dàgbà, ẹnì kan ni ó ń fà wọ́n lọ́wọ́ kiri. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé a wà nílé-kéú láti ìjọ́ yìí, a kò yà kí àwọn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí tábìlì náà, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀lé ìlà róbótó yẹn, wọ́n ní: "Kí ni ẹ ń pa rẹ́ níbí?"

Ẹnì kan nínú wa ní: "Ìyá wa, àbàwọ́n ni. Ó kọ̀, kò lọ."

Wọ́n ní: "Ibẹ̀ ni ìgò tàdáà bàbá yín ń jókòó sí. Kì í kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń nù ún lálaalẹ́, n kò rí i nù mọ́ rí." Wọ́n wá ìjókòó, a gbé àga wá. Wọ́n ní nígbà tí Àfáà bẹ̀rẹ̀ kéú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni wọ́n ń lò, orí ẹní ni gbogbo wọn ń jókòó sí, tọmọ tolùkọ́, àárò ẹsẹ̀ sì ti ń yọ Àfáà lẹ́nu. "Kò ní owó tábìlì. Ta ni ó ń fún Àfáà lówó nígbà náà? Ẹ̀kọ ni mò ń tà. Mo lọ bá káfíńtà ní ìdákọ́ńkọ́, mo ní kó kan án, mo ní mà á máa san án díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, bàbá yín ní ta ni ó rà á. Mo ní Ọlọ́hun ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti ìgbà tí a ti dáyé ni a ti ń pè é ní tábìlì Àfáà. Kò sí ẹnì kan nínú wa, Mùdíírù pàápàá, tí ó bi Ìyá rí pé báwo ni tábìlì náà ṣe dé. Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un, sheláàkì ń kán sórí ìyẹ̀pẹ̀.

Àwa mẹ́rin kò fohùn ṣọ̀kan o. Ẹnì kan ní Mùdíírù ni ó bẹ̀ wá níṣẹ́, funfun ni wọ́n fẹ́, pé a ti dójú tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan, a kò gbọdọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan ní kí a ha gbogbo rẹ̀ padà sí igi lásán. A lọ bá Mùdíírù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín." Ìyá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ funfun, ó wu àwọn, ṣùgbọ́n kí a fi ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Oore kan tí ọ̀dà ẹlẹ́fun ṣe fún wa nìyí: níwọ̀n ìgbà tí a kò tíì fi ìda bò ó, omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànìnkànìn kó o kúrò, bí ó tilẹ̀ gbà wá ní ọ̀sán kan. Funfun díẹ̀ kù sínú ìlà igi, a fi í sílẹ̀. A yọ́ ìda oyin nínú ìkòkò tí a gbé sínú omi gbígbóná, a gbé e kúrò nídìí iná pátápátá kí a tó da tọ́pẹ́ńtáìnì sí i, nítorí tọ́pẹ́ńtáìnì àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Nígbà tí ó tutù tí ó rọ̀ bí òrí, a fi aṣọ pa á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a jẹ́ kí ó mu ún, a sì nù ún títí ó fi ń dán. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí irú ìda bẹ́ẹ̀ tó le dáadáa, nítorí náà ni a kò ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé ohunkóhun lé e láàárín ìgbà náà. Ìlà ìgò tàdáà wà níbẹ̀, ó hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí a fẹ́ gbé e wọlé, Ìyá ní kí a dojú rẹ̀ dé fún àwọn. A dojú rẹ̀ dé. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀dà kankan kò dé rí, ìlà èédú wà níbẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, mẹ́rìnlá, káfíńtà ni ó ń fà wọ́n nígbàkúùgbà tí Ìyá bá mú owó ẹ̀kọ wá. Ó fa igi dábùú mẹ́tàlá níbẹ̀. Ìyá kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní kí a gbé ìka àwọn lé e, wọ́n sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹyìn tí wọn kò fa igi dábùú, wọ́n ní: "Eléyìí, ó ní kí n má san án mọ́. Ó ní òun fi ṣe sàráà fún ilé-kéú." A kò kun abẹ́ tábìlì náà.